Ilẹ̀kùn Tí Ọ̀nà Kankan Kò Dé

"Ilẹ̀kùn kan wà níbí tí ọ̀nà kankan kò dé," ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wí, ó sì fi bíírò tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìwé tó wà níwájú ẹ̀.

Mo wo ìwé náà títí, mi ò rí ilẹ̀kùn. Ohun tí mo rí ni lẹ́tà, nọ́ńbà àti oríṣiríṣi àmì, bí ìgbà tí adìẹ bá tẹ tàdáwà kọjá lórí pépà. Ọlọ́pàá ni mí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wá olè, mo sì mọ bí ojú òpùrọ́ ṣe ń rí, ṣùgbọ́n kóòdù kọ̀ǹpútà kò sí lára ohun tí wọ́n kọ́ mi.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bíi pé mi ò mọ nǹkan kan."

"Ṣé o mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ni?"

Bó ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Mo gba fún un. Èmi ni mo wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kó máa ka kóòdù tí ẹlòmíì kọ, kó máa wá ibi tó kù sí. Kò sí ibi tí mo tún lè gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà nílé ìwòsàn kan, wọ́n kan bọ́tìnnì kékeré kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn tó bá fẹ́ nọ́ọ̀sì á tẹ̀ ẹ́, aago á sì dún lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Kò sí wáyà láàárín bọ́tìnnì àti aago, inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà fẹ́ lọ tọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó tún un tẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára ẹ̀ bíi pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, aago kankan kò sì dún. Nígbà tí ara bàbá kò gbà á mọ́, ó sọ̀kalẹ̀ fúnra ẹ̀, ó ṣubú, egungun ìbàdí ẹ̀ sì ṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì wá ń tẹ bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀dì tó kù níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló tan iná ewé, gbogbo wọn ló sì yadi.

Ilé ìwòsàn ní ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Iléeṣẹ́ tó ṣe bọ́tìnnì náà kò jiyàn rárá. Orúkọ ni wọ́n fún wa. Wọ́n ní obìnrin kan tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Má-fi-ṣeré ló kọ ìpín kóòdù tó ń jí bọ́tìnnì náà lójú oorun, orúkọ ẹ̀ ló sì wà lórí àtúnṣe tó kẹ́yìn níbẹ̀. Wọ́n ní máníjà kọ̀ láti gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin náà bínú fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dojú kọ gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ẹ máa rántí mi."

Kí ni ọlọ́pàá tún ń wá? Èmi fúnra mi ni mo lọ mú un ní ọ́fíìsì wọn, lọ́jọ́ tó padà wá kó ẹrù ẹ̀. Ní àárọ̀ ọ̀la ni a máa gbé e lọ sílé ẹjọ́, bí adájọ́ bá sì gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ ni. Ó ní ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ọkọ ẹ̀ ti gbé ọmọ náà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tẹ́ṣàn wa, kò sì gbà láti lọ sílé.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni pé nígbà tí mo sọ ẹ̀sùn náà fún obìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Ṣé bàbá yẹn máa tún lè rìn?" Mo ti mú ọ̀daràn púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

"Wò ó," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó fa àga ẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Inú bọ́tìnnì yẹn, ṣíìpù kan wà tó ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣíìpù yẹn kì í rántí nǹkan kan. Bí iná bá lọ, ohun tó mọ̀ ti lọ nìyẹn. Bí iná bá dé, bí ọmọ tuntun ló ṣe ń jí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn wà nínú fáìlì kan tí àwa ń pè ní fámúwíà. Ètò tó ń bu fáìlì náà díẹ̀díẹ̀, tó ń rọ ọ́ sínú ṣíìpù, òun là ń pè ní dráífà."

"Dráífà. Kí ló wá ń wà?"

"Orí ẹ ló ń wà. Gbọ́ mi. Lókè fáìlì náà, wọ́n kọ bó ṣe yẹ kó tóbi tó síbẹ̀. Dráífà tó bá mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n wò. Bí kò bá pé, kò ní rọ ọ́. Á sá gba ilẹ̀kùn àbáyọ jáde, á da fáìlì náà nù, á tan iná pupa, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn rèé nísàlẹ̀ níbí. Iná pupa wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan ṣoṣo nínú gbogbo ètò yìí tó ní kí ẹnikẹ́ni gbabẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe rí i tí àwọn tó ń jẹun nídìí ẹ̀ kò rí i?"

"Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀."

Òótọ́ ni. Bó ṣe ń ka kóòdù nìyẹn: á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, á fi rúlà sábẹ́ ìlà tó gbẹ̀yìn, á máa gun òkè bọ̀. Ó ní tí èèyàn bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ á fà á lọ́wọ́ lọ síbi tó wù ú, ṣùgbọ́n tó bá ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa bi ìlà kọ̀ọ̀kan pé níbo lo ti wá. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀.

"Ohun kejì," ló ní. "Mo ti tú bọ́tìnnì bàbá yẹn tí o gbé wá. Fáìlì inú ẹ̀ kò pé, ìdajì péré ló wà níbẹ̀. Mo pe nọ́ọ̀sì àgbà. Ó ní iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sì pẹ́ kó tó dé. Àsìkò yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ ń fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù náà. Nígbà tí iná dé, gbogbo bọ́tìnnì jí, wọ́n bá àbọ̀ ẹ̀kọ́ nílẹ̀, kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e mì. Dráífà ní iṣẹ́ òun ti parí, ó tan iná ewé. Apá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ṣíìpù ní ọ̀rọ̀ sísọ kò tíì dé."

"Iná tó lọ ló jẹ̀bi nígbà náà."

"Níbo ni iná kì í ti í lọ? Ẹni tó yọ ìwọ̀n kúrò ni mo ń wá. Ìwọ̀n wà níbẹ̀ rí, torí kò sí ẹni tó ń kọ́ ilẹ̀kùn síbi tí kò sọ́nà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ìdajì fáìlì la bá. Ìwọ àti èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n."

"Ṣé kì í ṣe orúkọ ẹni tó yọ ọ́ ló wà lórí ẹ̀ ni?"

"Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní iléeṣẹ́ yẹn, bí wọ́n bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde, ẹnì kan á kó gbogbo àtúnṣe kéékèèké jọ, á dì wọ́n ní ìdì kan ṣoṣo, orúkọ ẹni tó kọ èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ló sì máa wà lórí ìdì. Bí o bá gbé ọbẹ̀ kaná, tí mo wá da iyọ̀ sí i lẹ́yìn ẹ, orúkọ ẹ ló máa wà lórí ìkòkò. Ẹni mẹ́ta ló láṣẹ láti di ìdì yẹn. Má-fi-ṣeré, ẹnìkejì ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, àti máníjà wọn. Jẹ́ ká lọ bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìbéèrè kan náà."

*

Tẹ́ṣàn ni a kọ́kọ́ lọ. Wọ́n mú Má-fi-ṣeré jáde wá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà torí wàrà ọmú ti rin aṣọ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ìborùn ara ẹ̀, ó fi bò ó léjìká.

"Àbúrò mi, o ní kí wọ́n máa rántí ẹ. Kí lo ní lọ́kàn?"

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde dáadáa. "Fèrèsé ni, mà. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń pariwo pé kí wọ́n ti fèrèsé kí wọ́n tó lọ sílé, kí òjò má baà pa kọ̀ǹpútà. Mo ní wọ́n á rántí mi lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀."

Mo wo ilẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ẹ̀sùn gẹ́gẹ́ bí ìhàlẹ̀.

"Dá mi lóhùn láì ronú púpọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Bí fáìlì bá wọlé láìpé, iná wo ló máa tàn?"

"Pupa, mà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Èmi ni mo kọ ọ́. Kò lè tan ewé láé. A kì í fi ọmọ búra, mà, àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, màá fi tèmi búra."

Bí wọ́n ṣe mú un padà sẹ́yìn, mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí mo ti ń fẹ́ kí ọwọ́ obìnrin yẹn mọ́. "Ẹ gbọ́ ọ? Irọ́ gbuu! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ewé ló máa tàn."

"Mo gbọ́ ọ," ló ní.

*

Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà wà lókè ilé alájà mẹ́ta. Láti ọjọ́ tí bàbá yẹn ti ṣubú ni mo ti ní kí wọ́n ti àpótí inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó kóòdù sí, kò sì sí ẹni tó lè ṣí i láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀. A bá Kíákíá níwájú kọ̀ǹpútà tó ń tàn lásán. Ọmọkùnrin tó ń yára sọ̀rọ̀ ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ kò dúró lábẹ́ tábìlì.

"Ìwọ lo ka àtúnṣe yẹn kó tó jáde?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Èmi ni, mà. Mo kà á."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Èyí tó yí padà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kọ̀ǹpútà á fi àwọ̀ kun ìlà tó bá yí padà, òun la máa kà. Èyí tí kò bá láwọ̀, ẹnì kan ti kà á nígbà kan rí."

"Bí wọ́n bá wá di gbogbo ẹ̀ ní ìdì kan ńkọ́? Ta ló ń ka ìdì?"

Ó wò ó bíi pé ó bi í léèrè ta ló ń ka afẹ́fẹ́. "Kí la fẹ́ kà níbẹ̀ mọ́, mà? A ti ka ohun tó wà nínú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan."

"Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí jẹ́jẹ́.

Kíákíá mọ ìyókù òwe náà, ó kàn án lára. Ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró. Òkè ni gbogbo wọn ń wò lóòótọ́, kò sí ẹni tó wo ìsàlẹ̀.

"Dá mi lóhùn. Bí fáìlì bá wọlé láìpé, iná wo?"

Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó rántí pé mo ti tì í, ó fa ọwọ́ padà. "Pupa. Ṣé kì í ṣe pupa ni? Mo rí pupa yẹn rí, lọ́jọ́ tí àwọn oníbàárà ńlá kan wá wo ọjà. A tan bọ́tìnnì, ó ṣe pupa wẹ̀ẹ̀. Ojú tì wá."

"Kí lẹ wá ṣe sí i?"

"Máníjà ní kí n lọ kí àwọn àlejò nísàlẹ̀, kí n fún wọn lómi. Nígbà tí a jọ gòkè, ewé ti ń tàn. Wọ́n ní àwọn pa á, àwọn tún un tàn."

Èyí kò yà mí lẹ́nu. Oògùn kan ṣoṣo tí èmi náà mọ̀ fún ẹ̀rọ nìyẹn, kò sì jọ pé ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

"Má-fi-ṣeré ńkọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Kò sí níbí, mà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Nígbà tó sì padà wọlé, iṣẹ́ mìíì ni wọ́n gbé fún un."

*

Máníjà dìde nígbà tí a wọlé. Ó fa àga fún ẹ̀gbọ́n mi, ó bèèrè bóyá ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lókè kò tutù jù fún wa. Ọmọlúàbí èèyàn. Ó sọ fún wa bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ká a lára tó, pé bí àbúrò ni Má-fi-ṣeré jẹ́ sí òun.

"Ṣé ẹ̀yin náà máa ń kọ kóòdù?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Há, ayé àtijọ́ nìyẹn! Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Ìpàdé ni iṣẹ́ mi báyìí. Àwọn ọmọ ló ń kọ ọ́, àwọn ọmọ ló ń kà á. Tèmi ò ju kí n fọwọ́ sí i."

"Mo gbọ́. Ìbéèrè kékeré kan ló kù. Bí fáìlì fámúwíà bá wọlé láìpé..."

"Ewé," ló ní, kò tíì jẹ́ kó parí. "Iná ewé ló máa tàn. Dráífà á kàn rọ ohun tó bá rí."

Mo mí kanlẹ̀. Nígbẹ̀yìn a rí ẹnì kan tó mọ ohun tó ń ṣe nínú ilé yìí. Mo ro ó lọ́kàn pé abájọ tí wọ́n fi fi í ṣe máníjà.

Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, a jáde. Nígbà tí a dé ibi àtẹ̀gùn, ó jókòó sórí ọ̀kan níbẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

"Ta ló parọ́ nínú àwọn mẹ́ta?"

"Má-fi-ṣeré," ni mo ní. "Ó ní pupa. Kóòdù ní ewé."

"Kíákíá náà ní pupa. Ìwé tí wọ́n fi ń ta ọjà náà ní pupa. Ẹni tó kọ kóòdù ní pupa, torí ìgbà tó fojú kàn án gbẹ̀yìn, pupa ni. Ó ń sọ bí ilé ẹ̀ ṣe rí nígbà tó jáde, kò mọ̀ pé ẹnì kan ti wọbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí ilé ṣe rí lónìí. Ẹni náà ló sì ní òun ò dé ilé yẹn láti ọdún mẹ́rin."

Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé òun nìkan ló máa gbọ́n. "Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló gbọ́ pé iná ewé ló tàn ní wọ́ọ̀dù. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti mú un."

"Ṣé iná wọ́ọ̀dù ni mo bi í? Fáìlì tí kò pé ni mo bi í. Ta ló sọ fún un pé fáìlì kò pé ní wọ́ọ̀dù? Kò sì lè jẹ́ pé ó ka kóòdù lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìwọ lo ti àpótí. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé wọ́n ti yọ ìwọ̀n, pupa ló máa sọ."

"Kí ló dé tí kò lè jẹ́ pé obìnrin yẹn ló yọ ọ́, tó wá ń díbọ́n?"

"Nítorí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ kóòdù fún kọ̀ǹpútà máa ń kìlọ̀ tó bá rí ilẹ̀kùn tí kò sọ́nà. Ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn pé kó panu mọ́. Ẹni tó kọ́ ilé, tó bá fẹ́ bà á jẹ́ láṣìírí, á yọ ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀nà. Ó mọ ibi tí gbogbo ìṣó wà. Ẹni tó ti pẹ́ tó ti ṣiṣẹ́, tí ẹ̀rù ń bà á láti fọwọ́ kan nǹkan púpọ̀, tí àlejò sì ń dúró dè nísàlẹ̀, òun ló máa ní kí ìkìlọ̀ panu mọ́, kó lè tètè jáde."

Àlejò tó ń dúró nísàlẹ̀. Omi tí Kíákíá gbé lọ fún wọn. Mo dìde kí ẹ̀gbọ́n mi tó dìde.

*

"Ẹ tún padà wá?" ni Máníjà wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò jókòó. "Iná pupa tó tàn lọ́jọ́ tí àwọn àlejò wá, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ di ewé?"

"A pa á ni, a tún un tàn."

"Ìwọ̀n ló tan pupa yẹn. Bí ẹ bá pa á, tí ẹ tún un tàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, fáìlì kan náà ló máa wọ̀n, pupa kan náà ló máa tàn."

Ó wo èmi, bíi pé èmi tí mi ò mọ kóòdù lè gbà á sílẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó tú táì ọrùn ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó sì jókòó.

"Kò sí ohun tó ṣe fáìlì yẹn," ló ní nígbà tó yá, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àwọn tó ṣe ṣíìpù ló ṣe àṣìṣe. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sókè fáìlì fi díẹ̀ ju fáìlì fúnra ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó máa ṣiṣẹ́. Àwọn àlejò ti wà nísàlẹ̀, bí wọ́n bá lọ láì ra ọjà, a máa ti ọ́fíìsì yìí ni. Mo ní kí n yọ ìwọ̀n fún ọ̀sán ọjọ́ yẹn péré. Mo fẹ́ dá a padà."

"Ẹ wá gbàgbé."

"Mo gbàgbé! Ọlọ́run gbọ́, mo gbàgbé. Ìgbà tí mo ń di ìdì, ó bá wọn lọ. Ìgbà tí bàbá yẹn ṣubú ni mo tó rántí."

"Kò sí ẹni tó kọjá àṣìṣe nínú wa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi béèrè orúkọ lọ́wọ́ yín, ẹ ti rántí. Orúkọ obìnrin yẹn lẹ sì fún un."

Máníjà fi ọwọ́ bojú. Inú ń bí mi sí i, inú sì ń bí mi sí ara mi tí mo gba orúkọ bí ẹni gba ẹ̀bùn.

"Jẹ́ kó sunkún tó bá yá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Máníjà, ṣé wọ́ọ̀dù yẹn nìkan ló ní bọ́tìnnì yìí?"

Ó mi orí. Ó kù wọ́ọ̀dù márùn-ún.

"Fáìlì tuntun ti dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló wá yé mi ìdí tí ojú ẹ̀gbọ́n mi fi le tó bẹ́ẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù márùn-ún, àwọn èèyàn ń wo iná ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ọkàn wọn sì balẹ̀. Mo fa fóònù yọ, mo pe nọ́ọ̀sì àgbà. Mo ní kó tẹ gbogbo bọ́tìnnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má fi iná ṣe ẹlẹ́rìí.

*

Èmi fúnra mi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún Má-fi-ṣeré ní tẹ́ṣàn. Mo sọ fún un pé a ti rí ẹni tó ṣe é, pé ó lè máa lọ. Mo ní kó má bínú. Kò tíì gbọ́ mi tán tó fi gba ọmọ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fún un lọ́mú. Ọkọ ẹ̀ dúró síwájú wọn, ó fi ẹ̀yìn ṣe ìbòjú fún un, èjìká ẹ̀ ń mì. Gbogbo wa tí a wọ aṣọ ìjọba ń wo ibòmíràn.

Nígbà tí ọmọ yó, ó gbójú sókè. "Ìlà wo ni wọ́n yọ?"

Mo sọ ìwọ̀nba tí mo lóye. Mo ní kó lọ sinmi, àwọn tó kù á ṣe é. Ó ní rárá. Ó gbé ọmọ pọ̀n, a jọ gba ọ́fíìsì lọ.

Kò pẹ́ rárá tó fi kọ ìwọ̀n náà padà. Wọ́n so bọ́tìnnì bàbá tíṣà mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n rọ ìdajì fáìlì kan náà sí i, ó sì tan pupa. Wọ́n gbé odindi fáìlì tuntun, tí nọ́ńbà orí ẹ̀ ti tọ́, sí i, ó tan ewé, aago dún lórí tábìlì débi pé ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ta gìrì. Òfin iléeṣẹ́ ni pé ẹnìkejì gbọ́dọ̀ kà á. Kíákíá tẹ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé, ó yá rúlà ẹ̀gbọ́n mi, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mi ò rí ẹni tó ń kàwé lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ Kíákíá ni wọ́n ń pè é.

Nọ́ọ̀sì àgbà pè padà. Bọ́tìnnì méjì ló tún yadi ní wọ́ọ̀dù àwọn aboyún, iná ewé ń tàn lórí wọn. Ó ti yọ wọ́n kúrò lógiri, ó sì ti fi nọ́ọ̀sì kan jókòó ti bẹ́ẹ̀dì méjèèjì. Má-fi-ṣeré ní kí wọ́n gbé wọn wá, wáyà ni wọ́n máa fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, torí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè gbọ́ èyí tí a bá rán sí i.

Ó kù kí n mú Máníjà lọ. Ó ṣì wà lórí àga tí mo ní kó jókòó sí, ọlọ́pàá tí mo fi ṣọ́ ọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tí mo ní kó dìde, ọ̀dọ̀ Má-fi-ṣeré ló lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, táì ẹ̀ ń wọ́lẹ̀.

"Àbúrò mi, dárí jì mí. Nítorí Ọlọ́run."

Obìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ń mi ọmọ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kó lè sùn padà, ohùn ẹ̀ kò sì ròkè rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú mi, ẹ̀yin lẹ bá mi ká wáyà kọ̀ǹpútà mi. Ẹ kó o sínú báàgì, ẹ gbé báàgì kọ́ mi léjìká, ẹ ní kí n má sunkún, pé òtítọ́ á jáde. Ta lẹ fẹ́ kó mú un jáde?"

Mo fà á dìde, a sì jáde.